Ìsinmi Lọ́dọ̀ Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́: Láti Williamsville Dé Korhogo

BÍ ỌMỌDÉ kò bá dé oko bàbá ẹlòmíì, á ní kò sí oko ẹni tó tó ti bàbá òun. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá ọ̀pọ̀ ìdílé mu tó bá dọ̀rọ̀ ìsinmi. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dùbáì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn. Wọ́n á ya fọ́tò níwájú ilé gogoro, wọ́n á ra bàtà àti aṣọ òtútù, wọ́n á padà wálé. Tí ìyá àgbà bá wá bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n kọ́ níbi tí wọ́n lọ, kì í sí ohun púpọ̀ tí wọ́n lè sọ.

Irú ìsinmi míì wà. Ẹni tó fẹ́ràn aṣọ híhun, ìkòkò mímọ, igi gbígbẹ́ tàbí aró rírẹ lè rìnrìn àjò lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kó jókòó ti ẹni tó ń ṣe é, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Ó ti pẹ́ táwọn òyìnbó ti ń torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1983 tí Nike Okundaye ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nílùú Òṣogbo làwọn àlejò ti ń wá láti òkè òkun kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ. Kí ló dé táwa náà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa?

Côte d'Ivoire dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. Láti ayé ìjọba amúnisìn làwọn ará Ẹ̀jìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn, débi pé wọ́n ń ná owó sẹ́fà nílùú Ẹ̀jìgbò, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà sì ń sọ èdè Faransé bí ẹni mumi. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Àbíjàn. Yàtọ̀ síyẹn, àdéhùn táwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí lọ́dún 1979 jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè wọ ibẹ̀ láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́.

Lọ́dún 2023, àjọ UNESCO fi iṣẹ́ aṣọ híhun àwọn ará Côte d'Ivoire kún àwọn àṣà àjogúnbá tó yẹ kí aráyé dáàbò bò. Ohun ìwúrí nìyẹn. Àmọ́ ìwé UNESCO kò lè bọ́ ọmọ ahunṣọ. Ẹni tó bá ra aṣọ ló ń bọ́ ọ. Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà oníṣẹ́, tó sì san owó tó yẹ iṣẹ́ náà, ọmọ oníṣẹ́ á rí ìdí tó fi yẹ kóun náà jókòó sídìí òfì. Bí kò bá sẹ́ni tó dé, ọmọ náà á wá iṣẹ́ míì lọ. Ìdí nìyẹn tí irú ìsinmi yìí fi ju ìgbafẹ́ lásán lọ.

Williamsville, ibi tó yẹ kéèyàn dé sí

Àwọn àlejò olówó sábà máa ń dé sí òtẹ́ẹ̀lì ní Plateau tàbí Cocody. Àmọ́ ìdílé tó bá fẹ́ ṣọ́ owó ná, tó sì fẹ́ lọ sí ìgbèríko, lè wo apá ibòmíì. Williamsville jẹ́ àdúgbò kan lábẹ́ Adjamé, ní apá àríwá ọjà ńlá Adjamé. Kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ibi táwọn òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti onímọ́tò ń gbé ni, àwọn ará Àbíjàn sì mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí itẹ́ òkú ńlá tó wà níbẹ̀. Ohun tó mú kó wúlò fún wa ni pé Adjamé ni ọ̀pọ̀ gáréèjì ọkọ̀ tó ń lọ sáàárín gbùngbùn àti àríwá orílẹ̀-èdè náà wà. Ẹni tó bá sùn ní Williamsville kò ní la àárín ìlú já kó tó wọ bọ́ọ̀sì Yamoussoukro, Bouaké tàbí Korhogo láàárọ̀ kùtù.

Nínú àdúgbò náà, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní gbaka àti takisí àjùmọ̀wọ̀ tí wọ́n ń pè ní wôrô-wôrô ni gbogbo èèyàn ń wọ̀. Ẹ̀kọ́ lèyí náà jẹ́ fáwọn ọmọ tí kò wọ ọkọ̀ èrò rí. Ní ti oúnjẹ, ọkàn ìyá ọmọ lè balẹ̀. Attiéké, tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí wọ́n sì ń fi ooru omi gbígbóná sè, kò jìnnà sí gààrí tá a mọ̀. Lọ́dún 2024, UNESCO fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní aloco, dòdò wa náà ni.

Ní ọjà Adjamé, kí ẹ má tíì ra aṣọ. Ẹ kàn wò ó. Ẹ máa rí aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun, ẹ sì máa rí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán aṣọ híhun sára rẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun máa ń wúwo, ẹ sì máa rí ojú rírán níbi tí wọ́n ti so àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á mọ́lẹ̀ bíi ti iwájú. Ti ẹ̀rọ ò ní ojú rírán, ẹ̀yìn rẹ̀ sì sábà máa ń ṣì. Owó pọ́ọ́kú ni ti ẹ̀rọ, òun ló sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu ahunṣọ, bí ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń kó wọlé láti òkèèrè ṣe ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláró Abẹ́òkúta.

Ìlù tí wọ́n kó lọ

Kí ẹ tó kúrò ní Àbíjàn, ẹ lọ sí Musée des Civilisations tó wà ní Plateau. Níbẹ̀ làwọn ọmọ ti máa rí ère, ìjókòó ọba, ohun ọ̀ṣọ́ wúrà àti agọ̀ eégún láti gbogbo ẹkùn orílẹ̀-èdè náà. Ẹ sọ fún wọn pé lákòókò rògbòdìyàn ọdún 2011, àwọn olè wọ ilé yìí, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ohun iyebíye lọ.

Ẹ tún sọ ìtàn Djidji Ayôkwé fún wọn. Ìlù àwọn Ébrié ni, àwọn tó ni ilẹ̀ Àbíjàn látilẹ̀. Igi ńlá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi 430 kìlógíráàmù. Òun ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti abúlé sí abúlé, bí gángan ṣe ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa. Táwọn òyìnbó bá ń bọ̀ wá mú èèyàn lọ síbi iṣẹ́ àfipáṣe, ìlù náà ló máa ń ta àwọn abúlé lólobó. Lọ́dún 1916, ìjọba Faransé gbẹ́sẹ̀ lé e, nígbà tó sì yá, wọ́n gbé e lọ sí Faransé. July 2025 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá a padà. Ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn yìí á mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ nìkan.

Ọjọ́ kan ní Grand-Bassam

Grand-Bassam wà létí òkun, ó fi nǹkan bíi 40 kìlómítà jìnnà sí Àbíjàn lápá ìlà oòrùn. Òun ni olú ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn Faransé lò ní Côte d'Ivoire, kí àìsàn ibà pọ́njú tó jà níbẹ̀ lọ́dún 1899 tó lé wọn lọ sí Bingerville. Lọ́dún 2012, UNESCO sọ ìlú náà di ọ̀kan lára àwọn ibi ìtàn àgbáyé. Ilé tí gómìnà òyìnbó ń gbé nígbà yẹn ti di ibi tí wọ́n ń kó àwọn aṣọ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà jọ sí, Musée National du Costume. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ dáadáa kó tó lọ sí òkè orílẹ̀-èdè náà á ti mọ ìyàtọ̀ láàárín aṣọ àwọn Baoulé, ti àwọn Sénoufo àti ti àwọn ará etíkun.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ní Bassam: àwọn agbẹ́gi, àwọn tó ń hun agbọ̀n, àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àlejò ló ń mú wọn jẹun. Lẹ́yìn táwọn apániláyà yìnbọn pa àwọn èèyàn ní etíkun Bassam ní March 13, 2016, àlejò wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjà ló sì wà nílẹ̀ láìrí olùrà. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà, síbẹ̀ àwọn náà wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ Baoulé

Láti Adjamé, ọkọ̀ Yamoussoukro máa ń rin nǹkan bíi 230 kìlómítà. Àwọn abúlé ahunṣọ wà lágbègbè yẹn, Bomizambo sì ni àwọn èèyàn mọ̀ jù. Ọkùnrin ló sábà máa ń hun aṣọ níbẹ̀. Tí ọmọ Ìṣẹ́yìn bá débẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní ṣàjèjì. Á rí òwú tí wọ́n nà lọ síwájú, tí wọ́n gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Á rí i pé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde látinú òfì, táwọn ẹlòmíì á wá rán pọ̀ di odindi aṣọ.

Ohun tó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi aró ṣe ọnà. Nínú àdìrẹ oníko tiwa, aṣọ tó ti di aṣọ ni wọ́n ń fi ìko dì kí wọ́n tó rì í sínú aró ẹlú. Ọ̀pọ̀ ahunṣọ Baoulé máa ń di òwú fúnra rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ láró, wọ́n á tú u, kí wọ́n tó wá gbé e sórí òfì. Tí wọ́n bá ń hun ún lọ, àwọn àmì funfun á máa yọ láàárín àwọ̀ aró, ẹ̀gbẹ́ àmì náà á sì rí wúruwùru bí ìgbà tí omi kàn án. Kí ẹ̀rọ tó lè tẹ irú rẹ̀ jáde, wọ́n ní láti yàwòrán ohun tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ń ṣe láìyàwòrán.

Ìkòkò Katiola

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí àríwá, ẹ ó kọjá Bouaké, lẹ́yìn náà ẹ ó dé Katiola. Ìkòkò ni ìlú yìí fi lórúkọ, àwọn obìnrin Mangoro ló sì ń mọ ọ́n. Wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á, tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì fi ń dán an. Tó bá gbẹ, wọ́n á kó igi àti koríko bò ó ní gbangba, wọ́n á sì dáná sí i. Nígbà tó bá ṣì gbóná, wọ́n á wọ́n omi èèpo igi sí i lára kí àwọ̀ rẹ̀ lè dúdú, kó sì máa dán.

Ẹni tó bá ti dé Dada ní Ìlọrin rí, níbi tó jẹ́ pé àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò, á mọ̀ pé ẹbí kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yín bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, àti ta ló kọ́ wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá ló ń kọ́ ọmọ, ìyá ìyá ló sì kọ́ ìyá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí ìran kan ṣoṣo bá jáwọ́, okùn náà já nìyẹn.

Korhogo, ìlú àwọn Sénoufo

Ó lé ní 600 kìlómítà láti Àbíjàn sí Korhogo. Ọjọ́ kan gbáko lẹ máa fi rìn ín, torí náà ẹ má ṣe fi lílọ àti bíbọ̀ há ọjọ́ méjì mọ́ra. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀ kò ṣe àṣejù.

Ní Waraniéné, tí kò jìnnà sí Korhogo rárá, àwọn ahunṣọ tó jẹ́ Dioula máa ń jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sábẹ́ ibòòji. Ẹ kọ́ gbólóhùn kan sórí kẹ́ ẹ tó débẹ̀: “I ni baara.” Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní èdè Dioula nìyẹn, ó sì dà bí “Ẹ kú iṣẹ́” wa gẹ́lẹ́. Òyìnbó kò ní irú ìkíni yẹn lédè rẹ̀. Tọ́mọ Yorùbá bá sọ ọ́, ojú ahunṣọ á tú ká.

Ní Fakaha, àwọn ọkùnrin Sénoufo ló ń ya aṣọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí aṣọ Korhogo. Aṣọ òwú tó ki, tí wọ́n fi ọwọ́ hun, ni wọ́n ń ya àwòrán sí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi ewé àti èèpo igi yà á, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹrẹ̀ dúdú tẹ̀ lé ojú ibi tí wọ́n ti yà. Irin tó wà nínú ẹrẹ̀ náà á bá oje igi pàdé, ọ̀nà náà á sì dúdú débi pé fífọ̀ kò lè mú un kúrò bọ̀rọ̀. Alágẹmọ, ahun, ọ̀nì, ejò, ẹyẹ àtàwọn eléégún ló pọ̀ jù nínú àwòrán wọn. Látilẹ̀, aṣọ ọdẹ àti aṣọ àwọn tó ń jó nínú ètùtù ni. Lónìí, àwọn àlejò ń fi í bo ògiri.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni ti Kapélé. Amọ̀ ni wọ́n ń mọ roboto, wọ́n á sun ún, wọ́n á sì fi ohun ìkùn tẹ́ẹ́rẹ́ ya ọnà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àdúgbò Koko nínú ìlú Korhogo, àwọn agbẹ́gi ń fi àáké kékeré gbẹ́ ẹyẹ àkàlà àti agọ̀ eégún. Tí ẹ bá gbọ́ balafon, ìyẹn ohun èlò orin tí wọ́n fi pátákó àti akèrègbè ṣe, ẹ dúró gbọ́ ọ. Lọ́dún 2012 ni wọ́n fi ti Côte d'Ivoire kún balafon àwọn Sénoufo tó wà lákọsílẹ̀ UNESCO.

Láti ọdún 2002, ogun abẹ́lé pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, Bouaké àti Korhogo sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlejò kò dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ yìí mọ́. Pé ẹnì kan ṣì wà nídìí òfì níbẹ̀ lónìí, ìfaradà ló fà á.

Bó ṣe yẹ kí àlejò ṣe

• Ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó béèrè iye ọjà. Ẹ gba àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, pàápàá fọ́tò àgbàlagbà. Àwọn Sénoufo ní igbó mímọ́ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Poro. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kì í wọ̀ ọ́, wọn kì í sì í ya fọ́tò rẹ̀, bí àwa náà ṣe ní igbó orò.

• Ẹ lè ná ọjà, torí ọjà la ń ná. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe é. Tí ahunṣọ bá fi ọjọ́ mẹ́jọ hun aṣọ kan, ẹ ṣírò ohun tẹ́ ẹ fẹ́ san sí ọjọ́ mẹ́jọ náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin á gba iye yẹn fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ìṣírò gidi lèyí fún ọmọ iléèwé.

• Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ dán iṣẹ́ wò fún wákàtí kan, ẹ fún oníṣẹ́ náà lówó. Àkókò tó fi kọ́ ọmọ yín, ó lè ti fi hun nǹkan.

• Ẹ má ṣe ra ohunkóhun tí wọ́n fi eyín erin ṣe. Láti ọdún 1989 làwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti fòfin de títa á láti ilẹ̀ kan sí òmíì. Ẹ má sì ra ère tí wọ́n bá sọ pé ó ti gbó, pé inú ojúbọ ló ti wá. Tó bá jẹ́ òótọ́, olè ló jí i. Tó bá jẹ́ irọ́, ẹni tó tà á ti rẹ́ yín jẹ.

• December sí February dára, torí ilẹ̀ máa ń gbẹ. Láti May sí July, òjò ńlá máa ń rọ̀ ní Àbíjàn. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ìrìnnà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń mú ọmọ lọ, kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí kejì. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà láti Èkó máa kọjá ẹnubodè mẹ́rin: ti Benin, ti Tógò, ti Gánà àti ti Côte d'Ivoire.

• Lápá òkè pátápátá, nítòsí ẹnubodè Mali àti Burkina Faso, àwọn agbébọn ti ṣọṣẹ́ rí, irú bí èyí tó ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ ogun ní Kafolo lọ́dún 2020. Ẹ béèrè bí ìlú ṣe rí lọ́wọ́ àwọn ará Korhogo kẹ́ ẹ tó lọ sí abúlé èyíkéyìí, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí ẹnubodè.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ẹni tí kò mọ sányán yàtọ̀ sí àlàárì kò ní lè bi ahunṣọ Baoulé ní ìbéèrè tó jinlẹ̀. Torí náà, oṣù méjì ṣáájú ìrìn àjò yín, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń hun ẹtù. Lọ́jọ́ míì, ẹ lọ sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yàtọ̀ sí oníko. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré tó máa kọ ìbéèrè sí: Ta ló ń hun ún? Níbo ni òwú ti ń wá? Kí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́? Ta ló ń kọ́ ọ lọ́wọ́ báyìí?

Ìbéèrè kan náà ni kí wọ́n béèrè ní Bomizambo, Katiola àti Waraniéné. Tí wọ́n bá wá fi ìdáhùn méjèèjì wéra, wọ́n á ti ní ohun tí wọn ò lè rí kọ́ ní Dùbáì. Tẹ́ ẹ bá sì dé, ẹ ra ọ̀já aṣọ òkè kan lọ́wọ́ ahunṣọ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí ní Ìṣẹ́yìn, kẹ́ ẹ mú aṣọ Baoulé tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ lọ fi hàn án. Inú rẹ̀ á dùn láti fọwọ́ pa á wò. Ó ṣeé ṣe kó yí i padà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì béèrè iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀.